Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ Ya Ọwọ́ Tí Ń Tún Ilé Ṣe, Kì í Ṣe Rìbọ́nì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba. Mo mọ bí a ti ń kọ ìròyìn iṣẹ́, mo sì mọ bí a ti ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bo ohun tí a kò ṣe mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí fídíò tó jọ irú ìròyìn náà, kì í pẹ́ kí n tó dá a mọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi ìṣílé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọ́n tún ṣe ní ìlú kan lágbègbè wa. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Ilé náà rẹwà lọ́jọ́ náà. Ògiri rẹ̀ funfun, fèrèsé rẹ̀ dúró ṣánṣán, agogo rẹ̀ tí kò dún fún ìgbà pípẹ́ dún. Àwọn ayàwòrán dé láti ìlú ńlá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣílé gan-an. Wọ́n fi drone ya òrùlé láti òkè, wọ́n ya àwọn aláṣẹ bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ya àlùmọ́gàjí tó gé rìbọ́nì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fídíò jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Mo ka aago sí i: ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ, ìṣẹ́jú kan jẹ́ ti orin àti àwòrán láti òkè, ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó kù ni wọ́n fi fi ògiri hàn wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èdè Faransé ni.

Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun ni ó fi han àwọn lébìrà bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ mọ́ ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n tún ilé náà rẹ́ nígbà kan rí. Kò sí ẹnìkan tó na gbohùngbohùn sí i. Mo sún mọ́ ọmọkùnrin tó di kámẹ́rà mú, mo ní, “Ọmọ mi, ẹ ya bàbá yìí.” Ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, “Ẹ má bínú, bàbá, kò sí nínú ètò tí wọ́n fún wa.” Ní ọdún kejì, bàbá náà papòdà. Àwọn lébìrà tó bá a ṣiṣẹ́ ti fọ́n ká, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Libreville. Nígbà tí òjò wá bó ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ ìjọ péjọ, wọ́n ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ti po ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Wọn kò rí ẹnìkan. Wọ́n padà wo fídíò, àlùmọ́gàjí ni wọ́n rí. Wọ́n bá lọ ra sìmẹ́ńtì.

Ẹni tó bá mọ ilé amọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì dì í lára, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ inú á máa rọ̀, á máa wó díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn awọ líle yẹn, ojú kò sì ní rí i títí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹfun tí àwọn Faransé ń pè ní chaux kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ògiri mí. Ìmọ̀ kékeré báyìí ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta sì tó láti fi hàn nínú fídíò: ìwọ̀n amọ̀, ìwọ̀n ẹfun, omi mélòó, ọjọ́ mélòó ni a ó fi sílẹ̀ kí ó tó dé ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ìbá ti gba ilé náà là.

Ohun tí mo wá sọ nìyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò lòdì sí fídíò. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ya fídíò kúkúrú lórí gbogbo ilé àtijọ́ tí a bá ń tún ṣe nílẹ̀ wa, ìbáà ṣe ààfin, ìbáà ṣe mọ́ṣáláṣí, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo lòdì sí ni fídíò tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tó jẹ́ pé ẹni tó sanwó nìkan ni ojú rẹ̀ hàn níbẹ̀. Mo sì lòdì sí àwọn ará wa tí wọ́n ní iṣẹ́ yìí kò kàn wá rárá.

Àwọn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí nípàdé, àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní, “Ẹgbẹ́ àṣà àti ọba ni wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ya ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ohun àjèjì ni.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. N kò pàtẹ́wọ́, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé náà dáadáa ná.

Ẹ lọ sí Àjàṣẹ́, kí ẹ dúró níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ọjà. Àjèjì tó bá kọ́kọ́ rí i yóò ṣe bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní ilé ìṣọ́ méjì níwájú bíi ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ó ní òpó àti òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sára ògiri, ó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn Àgùdà àti ọmọ wọn ni wọ́n kọ́ ọ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Àwọn Àgùdà yìí kì í ṣe àjèjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni, tí àwọn kan nínú wọn padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ìmàle dì ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́hùn-ún. Ní Salvador kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú, ẹrú àti òmìnira, ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos fún ara wọn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé fún Jésù lọ́hùn-ún ni ó padà wálé wá kọ́ ilé ìkírun. Èkó náà rí bẹ́ẹ̀: João Baptista da Costa, ará Brazil, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni àjèjì níbẹ̀? Ṣé ọwọ́ ni, àbí ẹni tó ni ọwọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Kétu. Ní 1853, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì ti di àlùfáà, wá sí Kétu. Alákétu gbà á lálejò. Ní àwọn ìgbà yẹn, ta ni ó tó láti fi ẹsẹ̀ òpó kan ilẹ̀ ní Kétu láìsí àṣẹ ọba? Ìtàn ìsìn àti ìtàn adé ti wé mọ́ ara wọn láti ọjọ́ yẹn. Ọdún 1886 ni ogun Dahomey run Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Àwọn tó padà wá lẹ́yìn ìṣubú Béhanzin kò bá nǹkan púpọ̀ nílẹ̀ yàtọ̀ sí yàrà, ògiri àti ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà. Ta ni ó wá kó ìtàn ìlú jọ fún wa lẹ́yìn ìyẹn? Ẹnìkan nínú wọn ni Fáàdá Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ Dahomey tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928. Ó fi ìwọ̀n ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ ohun tí àwọn àgbà Kétu àti Sábẹ sọ fún un sílẹ̀. Ẹlòmíràn ni Geoffrey Parrinder, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Kétu jáde ní Ìbàdàn ní 1956. Bí a bá fẹ́ ka orúkọ ìdílé ọba márààrún wa, Aro, Mẹ̀fù, Màgbò, Alápínni àti Mẹ̀ṣà, tí a sì fẹ́ mọ bí oyè ti ń yí ká láàárín wọn, ara ohun tí a ń ṣí wò ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn tó sùn ní ilé míṣọ́nnì. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò kan ìtàn ọba, kí ó kọ́kọ́ dá àwọn ìwé yẹn padà.

Mi ò sọ pé kí oníṣẹ̀ṣe di oníṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì sọ pé gbogbo ohun tí míṣọ́nnì ṣe nílẹ̀ wa ló dára. Wọ́n dáná sun àwọn nǹkan kan, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa tijú orúkọ bàbá wọn. A mọ̀, a kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn bàbá wa fi amọ̀ odò wọn mọ, tí àwọn ìyá wa ru omi rẹ̀ lórí, tiwa ni, láìka ẹni tó ń wàásù nínú rẹ̀ sí.

Àtakò kejì ni ti àwọn tó ní fídíò kúkúrú jẹ́ eré ọmọdé, pé ìwé ńlá ni ó yẹ ìtàn. Èmi tí mo fẹ́ràn ìwé ni mo ń sọ fún yín pé irọ́ ni. Àwọn nǹkan wà tí ìwé kò lè gbé. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ bí mọlémọlé ti ń fi àtàǹpàkò dán amọ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ omi. Ẹ kọ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fi etí gbọ́ igi kí ó tó mọ̀ pé ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú rí i lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí kámẹ́rà tó délé ayé.

Ẹ rántí ohun tí gbogbo wa wò lórí fóònù wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, iná jó òrùlé Notre-Dame ní Paris. Mo mọ àwọn ènìyàn nílé wa tí wọ́n sunkún nítorí rẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìkóríta ilé wọn ti ń jò láti ọdún tó ṣáájú. Mi ò bá wọn wí. Ilé tó rẹwà yẹ kí a sunkún fún. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni ohun tí àwọn Faransé ṣe lẹ́yìn iná. Láàárín ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ tí wọ́n fi tún un ṣe, títí tí wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù kejìlá ọdún 2024, kámẹ́rà kò kúrò níbẹ̀. A rí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń fi àáké gé igi óákù bí wọ́n ti ń gé e ní ayé àtijọ́. A rí àwọn agbẹ́kùúta, a rí àwọn tó ń nu fèrèsé aláwọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ rí iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ kọ́ ọ. Aláṣẹ orílẹ̀-èdè náà wà nínú àwòrán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àáké pẹ̀lú wà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Kí iná tó jó, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, Andrew Tallon, ti fi ẹ̀rọ laser wọn gbogbo inú ilé náà, ó sì kó ìwọ̀n tó lé ní bílíọ̀nù kan jọ. Ó kú ní 2018, kò rí iná náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń tún ilé ṣe nílò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa rọrùn: ìgbà tí ilé ṣì dúró ni a ń ya á. Ẹni tó bá dúró de ìgbà tí ó bá wó, eruku ni yóò yà.

Bí ẹ bá ní Paris jìnnà, Èkó kò jìnnà. Ilọ́jọ́ Bar, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, wà lára àwọn ilé tí ìjọba Nàìjíríà kà sí ohun-ìní orílẹ̀-èdè láti 1956. Òfin dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Gbogbo ohun tó kù lónìí ni àwòrán tí àwọn ènìyàn ti yà. Ìwé òfin kò dí katakata lọ́wọ́. Ṣé ìwé òfin tiwa ni yóò dí i? Mo ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bí ó ti wúwo tó: kò wúwo ju bébà lọ.

Àtakò kẹta ni ti èdè. Àwọn ọmọ wa tó ń ya fídíò ní, “Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, àwọn ará Kútọnu àti Paris kò ní gbọ́.” Mo dá wọn lóhùn pé: ta ni yóò tún ògiri náà ṣe ní ọjọ́ iwájú? Ṣé àwọn ará Paris ni? Orúkọ irin-iṣẹ́, orúkọ oríṣi amọ̀, orúkọ igi tí ikán kì í jẹ, èdè wa ni gbogbo wọn wà. Bí bàbá mọlémọlé bá ní láti wá ọ̀rọ̀ Faransé fún wọn, ìdajì ìmọ̀ rẹ̀ ti sọnù kí ó tó la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ bí ó ti ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, ní ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀, Kétu kí ó jẹ́ Kétu, Sábẹ kí ó jẹ́ Sábẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún àwọn tí kò gbọ́. Ìṣẹ́ kékeré ni. Ó ṣe wá jẹ́ pé èdè wa nìkan ni ó gbọ́dọ̀ máa jókòó sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sókè òkun gan-an, nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n á bi ìyá wọn pé, “Kí ni bàbá yìí sọ?” Ìbéèrè yẹn nìkan ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ lọ.

Àtakò kẹrin ni ti owó, òun ni mo sì fi àlàyé kúkúrú sí jù lọ, nítorí kì í ṣe òótọ́. Fóònù tó wà lápò àwọn ọmọ wa tó. Ohun tí kò tó ni sùúrù. Drone kò pọn dandan, orin kò pọn dandan. Ẹni tó gbé fóònù lé orí àga tó dúró dáadáa, tó jókòó ti mọlémọlé láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, tó sì pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́, ti ṣe ju ẹgbẹ́ ayàwòrán tó wá fún wákàtí méjì lọ.

Báwo ni kí a wá ṣe é? Mo dábàá nǹkan márùn-ún fún ìpàdé gbogbogbòò wa, kí a gbé e yẹ̀ wò kí a tó fi kọ́bọ̀ kan tàbí orúkọ ẹgbẹ́ wa ti àtúnṣe ilé èyíkéyìí lẹ́yìn.

Èkíní, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí a ya gbogbo ògiri, gbogbo sísán, gbogbo igi òrùlé, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n nínú àwòrán kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí nǹkan ti tóbi tó. Kì í ṣe fídíò tó dùn ún wò, ṣùgbọ́n òun ni yóò wúlò jù lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Èkejì, kí fídíò kọ̀ọ̀kan dá lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀kan lórí pípo amọ̀, ọ̀kan lórí ẹfun, ọ̀kan lórí pípààrọ̀ igi tí ikán jẹ láìtú gbogbo òrùlé, ọ̀kan lórí agogo. Fídíò kan tó fẹ́ sọ ohun gbogbo kò ní sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ́ tó wá ojútùú sí ìṣòro kan yóò rí ohun tó ń wá kíákíá.

Ẹ̀kẹta, kí orúkọ oníṣẹ́-ọwọ́ ṣáájú orúkọ aláṣẹ nínú fídíò, pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oríkì ni èyí. A kì í kí ọba láìdárúkọ àwọn tó bí i. Èéṣe tí a ó fi yin ògiri láìdárúkọ ẹni tó mọ ọ́n?

Ẹ̀kẹrin, kí a tọrọ àyè. Àwọn nǹkan wà nínú ilé ìsìn àti nínú ààfin tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ rí. Àlùfáà mọ tirẹ̀, lèmọ́mù mọ tirẹ̀, àwọn ìjòyè mọ tiwọn. Ẹni tó bá ní kí a má ya ibi kan, kí a gbọ́ràn sí i lẹ́nu láìjiyàn. Fídíò tí a jí yà kò lè jẹ́ ohun-ìní wa.

Ẹ̀karùn-ún, kí a tọ́jú ohun tí a yà. Kí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a gé kúrú nìkan, wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ilé, kí ọ̀kan wà ní ibi ìpamọ́ tó dájú. Ní Àjàṣẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ EPA ti bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní bí a ṣe ń tọ́jú ohun-ìní àṣà. Àwọn tó jáde níbẹ̀ wà láàárín wa. Kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́ láti pè wọ́n? Ohun tó wà lórí fóònù ẹnìkan ṣoṣo ti sọnù tán. A kàn ń dúró de ọjọ́ tí fóònù náà yóò bọ́ sómi ni.

Mo mọ ohun tí ẹni tó gbọ́n yóò sọ: pé fídíò kì í gbé òrùlé dúró. Òótọ́ ni, mo gbà. Fídíò kò lè rọ́pò igi, amọ̀ àti owó. Bí ó bá jẹ́ pé owó tó yẹ kí a fi ra páànù ni a fẹ́ fi ya àwòrán, ẹ ra páànù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ilé tí a tún ṣe láìṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni a tún un ṣe. Ilé tí a tún ṣe, tí a sì ya bí a ti tún un ṣe, àwọn ọmọ wa lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa sí ní 2001, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀, kì í ṣe igi ère lásán. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ agbẹ́gilére, lẹ́nu akọrin, lẹ́sẹ̀ oníjó ni. Ilé àtijọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ lè padà di erùpẹ̀. Ìmọ̀ tó mọ ọ́n ni ogún.

Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ má rò pé èmi bàbá arúgbó ń bínú sí fóònù yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí wọ́n ti ń yà á, àwọn àgbà ni wọ́n mọ ohun tó yẹ kí a yà. Ẹ wá wọn lọ kí ó tó pẹ́. Bí ẹ bá ní àgbà kan nílé tó ti mọ ilé rí, tó ti kan òrùlé rí, tó ti ru ẹfun rí, ẹ lọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de ẹgbẹ́, ẹ má dúró de ìwé àṣẹ.

Sí ẹ̀yin aláṣẹ àti ẹ̀yin onínúure tí ẹ ń sanwó àtúnṣe: a dúpẹ́, ẹ kú ìnáwó. A kò ní yọ yín kúrò nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ fún àwọn ọ̀rọ̀ yín ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ fún mọlémọlé ní ìyókù. Lọ́gbọ̀n ọdún sí i, kò ní sí ẹni tó rántí ohun tí ẹ sọ níbi ìṣílé, èmi náà ti gbàgbé èyí tí mo sọ nígbà tèmi. Ilé tó bá ṣì dúró ni yóò máa sọ orúkọ yín.

Mo ṣì ń rántí bàbá tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ẹfun, tó ń wo àwọn ayàwòrán bí wọ́n ti ń kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Wọ́n ti ya òrùlé. Òrùlé náà dára.” Kò bínú. Èmi ni mo ń bá a bínú títí di òní, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà bá a bínú, kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ má baà parí sórí ọ̀rọ̀ lásán.

Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ àwọn ọba wa. Kí ilé àwọn bàbá wa má wó lójú wa.